Wọ́n Ní Nọ́ọ̀sì Ni Mí Nílé

Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu nílùú òyìnbó kì í ṣe òtútù. Wọ́n ti kìlọ̀ òtútù fún mi, mo sì ti wọ aṣọ lé aṣọ títí mo fi dà bí ẹ̀kọ tí wọ́n fi ewé mẹ́ta pọ́n. Ìkíni ló yà mí lẹ́nu. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì tí mo dé, mo jáde síta, mo rí bàbá arúgbó kan tó ń fa ajá lọ. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ káàárọ̀ sà." Bàbá rò pé mo ṣubú ni. Ó ju okùn ajá sílẹ̀, ó fẹ́ fà mí dìde, ó ń ké pe àwọn èèyàn. Ajá sá lọ. Gbogbo àdúgbò ló bá a wá ajá náà, èmi náà bá wọn wá a, a ò sì tún kí ara wa mọ́ láti ọjọ́ náà.

Sìstá Bùnmi, ọmọ Ẹ̀fọ̀n tí mo bá gbé inú ilé rẹ̀, rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí àtẹ̀gùn.

"Ìyá Ṣadé, bí o bá kí wọn lẹ́ẹ̀kan níbí, wọ́n á rò pé o fẹ́ tọrọ nǹkan. Bí o bá kí wọn lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á pe ọlọ́pàá."

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí mo jẹ́, kí ẹ má baà rò pé ọ̀mọ̀wé ló ń bá yín sọ̀rọ̀. Ọmọ Ìkógòsì ni mí. Epo pupa ni mo ń tà lọ́jà Aràmọkọ́, kí Bàbá Ṣadé tó papò dà tí ọjà sì wá ṣú mi lójú. Ìwé tí mo kà kò kún ọwọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá da epo sí mi lọ́wọ́ nínú òkùnkùn, màá sọ fún yín bóyá wọ́n ti pò ó mọ́ nǹkan mìíràn, màá sì sọ irú ilé tí ẹni tó pò ó ti jáde wá.

Iṣẹ́ tí Sìstá Bùnmi bá mi rí ni fífọ tówẹ̀lì ní òtẹ́ẹ̀lì ńlá kan lẹ́yìn ìlú. Ìsàlẹ̀ òtẹ́ẹ̀lì náà ni ibi tí wọ́n ń pè ní sípáà wà. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ ibẹ̀, mo rí àwọn òyìnbó, ọkùnrin tobìnrin, tí wọ́n jókòó sínú omi gbígbóná. Omi ń hó gùdùgùdù yí wọn ká, wọ́n dijú, wọ́n ń mí bí ẹni tó jẹ iyán yó. Mo bi ọmọbìnrin tó ń mú mi káàkiri pé àìsàn wo ló ń ṣe wọ́n. Ó ní kò sí àìsàn kankan. Ó ní wọ́n sanwó ni.

Èmi, ọmọ Ìkógòsì! Omi tó ń gbóná jáde fúnra rẹ̀ lára òkè, tí ẹnikẹ́ni ò dáná sí, inú rẹ̀ la ti ń ṣeré nígbà tí a wà lọ́mọdé, tí Yèyé mi á fi pàṣán lé wa jáde nítorí pé a ò tíì fọ abọ́. Gbogbo ẹgba tí mo jẹ nítorí omi gbígbóná, mi ò mọ̀ pé fàájì àwọn olówó ni mo ń ṣe.

Wọ́n tan àbẹ́là síbẹ̀ lọ́sàn-án gangan. Mo rò pé wọ́n ti mú iná lọ ni, mo tilẹ̀ ń bá wọn kẹ́dùn. Wọ́n fi ẹ̀rọ gbé ohùn ẹyẹ jáde, ẹyẹ gidi sì ń ké níta, wọ́n ti fèrèsé mọ́ ọn. Nínú àwọn yàrá kéékèèké tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi náà, àwọn èèyàn ń dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì, àwọn mìíràn sì ń fi òróró wọ́ wọn lára. Masáàjì ni wọ́n ń pè é. Mo fi ìka kan òróró náà nígbà tí ẹnikẹ́ni ò wò mí. Ó fúyẹ́ jù. Bí ẹ bá gbé irú rẹ̀ wá sọ́jà wa, ẹ máa gbé e padà sílé.

Nílé, iṣẹ́ mi ti yàtọ̀ sí èyí tí mò ń ṣe. Ẹ̀gbọ́n mi ló dá a sílẹ̀, Bọ̀dá Dípọ̀, ọ̀gá ilé-ìwé tó fẹ̀yìn tì láti Ìjerò wá sílé bàbá wa, tó máa ń bá ewúrẹ́ sọ Gẹ̀ẹ́sì. Ó pè mí lórí fóònù.

"Irú iṣẹ́ wo lò ń ṣe gan-an?"

"Tówẹ̀lì ni mò ń fọ̀, Bọ̀dá."

"Tówẹ̀lì." Ó pè é bí ẹni tó ń pe orúkọ ọmọ tó féèlì ìdánwò. "A ò lè gbé ìyẹn dé ìjọ."

Wọn ò sì gbé e dé ìjọ lóòótọ́. Kí ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e tó parí, mo ti di nọ́ọ̀sì. Wọ́n ti gbàdúrà fún mi, wọ́n ti jó, wọ́n ti fi orúkọ mi dá ọpẹ́. Mo bínú, mo lọ fẹjọ́ sun Sìstá Bùnmi. Ó ní kí n fara balẹ̀. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó lòun náà ti ń fún wọn lóúnjẹ, ṣùgbọ́n mátírọ́ọ̀nù lòun ní Ẹ̀fọ̀n. Ó ní òun mọ ọmọ Ìkọ̀rò kan tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, dókítà ni lọ́dọ̀ àwọn ìyá rẹ̀.

"Bí gbogbo wa bá jọ padà sílé lọ́jọ́ kan," ló wí, "Èkìtì ò ní í ní aláìsàn mọ́."

Ìpè wá bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin kan láti Ìpólé, tí mi ò mọ̀ rí, gbé fóònù sí ikùn rẹ̀ kí n lè gbọ́ bí ó ṣe ń kùn. Obìnrin kan fi ahọ́n hàn mí lórí Wasáàpù nígbà tí mò ń jẹun. Ìdáhùn kan ṣoṣo ni mo ní fún gbogbo wọn: kí wọ́n mu omi dáadáa, kí wọ́n sì lọ sí ọsibítù. Ṣé ẹ mọ̀ pé ara àwọn kan yá? Wọ́n ní ọwọ́ mi dára. Èmi tí ọwọ́ mi ò kan nǹkan kan ju tówẹ̀lì lọ.

Ẹ̀rín lásán ni ì bá jẹ́ bí kì í bá ṣe ti oyè Ìyá Ìjọ. Ìyá Ìjọ wa àtijọ́ ti sùn nínú Olúwa, àwọn méjì ló sì kù tí oyè náà lè bọ́ sí lọ́wọ́: Yèyé mi àti Ìyá Fẹlí. Láti ìgbà tí àwọn méjèèjì ti jọ wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ni wọ́n ti ń bá ara wọn fà á. Ẹni tó bá tètè dé á jókòó síwájú, á sì wé gèlè tí ẹni tó wà lẹ́yìn ò ní í rí pẹpẹ. Ọmọ Ìyá Fẹlí jẹ́ nọ́ọ̀sì gidi, ó ń ṣiṣẹ́ ní Adó. Ohun tí Ìyá Fẹlí fi ń borí nìyẹn, títí èmi náà fi di nọ́ọ̀sì òkè òkun. Nọ́ọ̀sì Adó ò sì lè bá nọ́ọ̀sì òkè òkun dọ́gba. Wọ́n ní ọjọ́ ìkórè ni wọn yóò kéde ẹni tó jẹ ẹ́, gbogbo ojú sì ti wà lára Yèyé mi.

Kò bẹ̀bẹ̀ fún oyè yẹn lẹ́nu, ṣùgbọ́n mo mọ ìyá mi. Ó ti ra gèlè.

Ẹ jẹ́ kí n sọ iṣẹ́ tí Yèyé mi ń ṣe, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹ̀. Òun ló ń wẹ ọmọ tuntun ní àdúgbò wa. Bí obìnrin bá bímọ, kí wọ́n tó ránṣẹ́ sí bàbá ọmọ, wọ́n á ti ránṣẹ́ sí Yèyé. Á gbé ọmọ lé ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì tó nà sílẹ̀, á fi kànhìnkànhìn àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, á fi àdí pa á, á na apá rẹ̀, á na ẹsẹ̀ rẹ̀, á gbé e jù sókè, á sì hán an. Ìyá ọmọ ló kàn. Á rẹ aṣọ sínú omi tó gbóná, á fún un, á sì fi tẹ ikùn àti ìdí abiyamọ náà, títí ara tó ti já á tún fi padà so. Bí ó bá ti ṣe tán, yálà ọmọ ni o yálà ìyá ọmọ, á gbá a ní ìdí, pá! "Ó tán! Dìde." Ìyẹn lèdìdì iṣẹ́ rẹ̀. Ara tí wọn ò bá tíì gbá, wọn ò tíì ṣe é tán. Èmi ni mo máa ń bá a fún aṣọ kí n tó bẹ̀rẹ̀ epo títà.

Ohun kan wà tí wọn kì í sọ fún èèyàn nípa òkè òkun. Wọ́n á sọ pé ó tutù, wọ́n á sọ pé iṣẹ́ pọ̀. Wọn kì í sọ pé o lè lo oṣù kan gbáko kí ọwọ́ èèyàn má kàn ọ́. Lọ́jà Aràmọkọ́, ẹni tí kò fẹ́ ra nǹkan á gbá ọ léjìká kọjá, oníbàárà á fa aṣọ rẹ, ẹni tó bá ń rẹ́rìn-ín á gbá ọ ní itan. Alẹ́ á lẹ́, ara á máa ro ọ́ nítorí èèyàn. Níbí, bí apá aṣọ rẹ bá kan tẹlòmíràn nínú bọ́ọ̀sì, ẹ̀yin méjèèjì lẹ máa bẹ ara yín. Mo wá lóye ìdí tí àwọn èèyàn wọ̀nyẹn fi ń sanwó kí wọ́n tó dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì. Ọwọ́ èèyàn ni wọ́n ń rà. Èmi oníṣòwò, mi ò rí irú ọjà yẹn rí: ohun tí a ń fi fúnra wa lọ́fẹ̀ẹ́ nílé, pẹ̀lú èébú lórí.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe ń lọ nìyí tí Kéètì fi wọlé bá mi ní yàrá ìfọṣọ. Kéètì ni ọmọbìnrin tó ń gba àlejò lẹ́nu ọ̀nà sípáà. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni, ó ní ilé ti sú òun, òun fẹ́ rí ojú èèyàn, ló bá padà sẹ́nu iṣẹ́. Ó fọwọ́ kan di ìbàdí mú, ó ń rìn bí àgbò tó jẹ iṣu àjẹjù.

Mo bi í pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì ọjà mi, "Ta ló ń tẹ̀ ọ́?"

"Ta ló ń kí ni mi?"

"Ìyá rẹ ńkọ́?"

"Ó wà ní Spéènì, ó lọ gbafẹ́."

"Ìyá ọkọ rẹ ńkọ́?"

"A kì í bára wa sọ̀rọ̀."

Mo wò ó. Abiyamọ, kò sì sẹ́ni tó bu omi gbígbóná sí i lára láti ọjọ́ tó ti bímọ! Nílé wa, ẹjọ́ ni. Wọ́n á pe ìyá ọkọ yẹn wá dáhùn. Mo ti ilẹ̀kùn. Mo tẹ́ tówẹ̀lì sórí tábìlì tí a ti ń ká aṣọ, mo ní kó dùbúlẹ̀. Ẹ̀rọ ìfọṣọ wa ń bú ooru jáde bí ìkòkò, mo mú tówẹ̀lì gbígbóná níbẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́ ní ìdí, mo tẹ̀ ẹ́ ní ìbàdí, mo ń sọ fún un bí Yèyé ṣe máa ń sọ, "Pẹ̀lẹ́, pẹ̀lẹ́, ó ti ń lọ, ó ti ń lọ." Kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ó sunkún. Nígbà tó sunkún tán, ó sùn. Ó sùn sórí tábìlì mi, ó ń hanrun.

Ìgbà yẹn ni Jílì ṣílẹ̀kùn. Jílì ni ọ̀gá gbogbo àwọn tó ń ṣe masáàjì níbẹ̀, obìnrin gíga tó máa ń rìn bí ẹni tí kò fẹ́ jí ilẹ̀. Ó wo Kéètì, ó wo tówẹ̀lì, ó wò mí. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá báàgì mi nílẹ̀, mo ti mọ̀ pé iṣẹ́ ti bọ́.

Jílì ní, "Ta ló kọ́ ọ?"

Mo ní, "Ìyá mi."

Ó ní, "Ilé-ìwé wo?"

Mo ní, "Ìyá mi."

Lọ́jọ́ kejì, ó pè mí sí ọ̀kan nínú àwọn yàrá kékeré yẹn. Ó ní òun fẹ́ rí ọwọ́ mi dáadáa. Ó tan àbẹ́là, ó tan ẹyẹ inú ẹ̀rọ, ó dojú bolẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú tówẹ̀lì lára. Mo ní, "Ẹ kú ara, mà. Ṣé ẹ jí dáadáa? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ìyá yín ńkọ́? Ṣé ẹ ti yàgbẹ́ lónìí?" Torí báwo lèèyàn ṣe máa fọwọ́ kan ara ẹlòmíràn láìbéèrè ohun tó wà nínú ara ọ̀hún?

Jílì gbé orí sókè. "Níbí," ló wí, "a kì í sọ̀rọ̀."

Mo dákẹ́. Ìyà tí mo jẹ lọ́jọ́ náà kọjá sísọ. Èmi tí mo lè ta epo fún adití! Mo wọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, mo wọ́ èjìká, mo bá ibì kan tó le bí kókó igi, mo sì dúró tì í títí ó fi rọ̀. Jílì ò mira. Mo gbàgbé ara mi. Mo gbàgbé òtẹ́ẹ̀lì, mo gbàgbé òkè òkun, mo wà lẹ́yìnkùlé wa ní Ìkógòsì, èéfín igi ń yọ. Nígbà tí mo ṣe tán, mo gbá ọ̀gá mi ní ìdí, pá!

"Ó tán! Dìde, lọ jẹ iyán."

Ẹyẹ inú ẹ̀rọ nìkan ló ń ké. Jílì dìde jókòó, ó fi tówẹ̀lì bora dé ọrùn, ojú rẹ̀ pọ́n bí epo Ìjerò. Mo kúnlẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, Gẹ̀ẹ́sì tán, mo bẹ̀ ẹ́ ní Yorùbá. Ó na apá rẹ̀ sókè díẹ̀díẹ̀, ó yí ọrùn sọ́tùn-ún, ó yí i sósì.

"Òtẹ́ẹ̀lì á rán ọ lọ kọ́ṣẹ́," ló wí. "Ibi tí wọ́n ti ń kọ́ masáàjì gan-an, o sì máa gba ìwé ẹ̀rí. Fún mi lésì lọ́jọ́ Ajé. Ṣùgbọ́n ìgbájú yẹn…" Ó wá ọ̀rọ̀. "Ìgbádìí yẹn. Rárá o."

Mo délé, mo sọ fún Sìstá Bùnmi. Mo rò pé yóò jó. Ó kàn ń ro ẹ̀kọ rẹ̀ lọ.

"Ṣé o mọ ohun tí wọ́n ń pè ní masáàjì nílé?" ló wí. "O ò rí i tí wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ òpó iná ní Èkó, pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù àti àwòrán obìnrin tí kò wọ nǹkan gidi? Jẹ́ nọ́ọ̀sì rẹ jẹ́ẹ́."

"Èmi kì í ṣe nọ́ọ̀sì."

"Ta ló bi ọ́?"

Mo pe ilé. Ṣadé, ọmọ mi tó wà ní pólì ní Adó, ti wá fún ìkórè, òun ló gbé fóònù. Mo ní kó gbé e fún Yèyé. Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ láti orí Kéètì títí dé ìdí Jílì. Kí Yèyé tó la ẹnu, Bọ̀dá Dípọ̀ ti já fóònù gbà.

"Masáàjì! Ọmọ bàbá wa! Kí o máa fọwọ́ pa ọkùnrin lára fún owó!"

"Bọ̀dá, iṣẹ́ ọwọ́ ni."

"Iṣẹ́ ọwọ́ wo? Ṣé o fẹ́ kí Ìyá Fẹlí fi wá kọrin ni? Ọ̀la ni ìkórè! Wá sọ fún wọn pé o ò ṣe. Nọ́ọ̀sì tó níyì…"

"Bọ̀dá, ẹ̀yin lẹ yàn mí sí nọ́ọ̀sì. Ẹ kúkú gbé mi ga, ẹ fi mí ṣe dókítà."

"Yéè, gbọ́ ẹnu ẹ! Ẹnu epo!"

Yèyé gba fóònù padà. Ojú rẹ̀ kún gbogbo gíláàsì, mo rí ihò imú rẹ̀ ju bí mo ṣe rí ojú rẹ̀ lọ.

"Àwọn ọkùnrin ń wá ibẹ̀?"

"Wọ́n ń wá, Yèyé."

"Àgbà ni àbí ọ̀dọ́?"

"Àtàgbà àtọ̀dọ́."

"Kí ni wọ́n wọ̀?"

"Tówẹ̀lì, mà."

"Báwo ló ṣe tóbi tó?"

Mo fi ọwọ́ hàn án. Ó wò ó, ó tún ní kí n fi hàn òun. Ó gbé fóònù fún Ṣadé, ó lọ.

Mi ò fi bẹ́ẹ̀ sùn. Mo ro tèmi, mo ro ti Yèyé. Èmi fẹ́ iṣẹ́ náà, kí n má purọ́ fún yín. Tówẹ̀lì kì í kí èèyàn, tówẹ̀lì kì í sunkún, tówẹ̀lì ò lè gbéra kó ní ara òun ti yá. Láti ìgbà tí mo ti dé, orí tábìlì yẹn nìkan ni mo ti jẹ́ ẹni tí mo jẹ́. Ṣùgbọ́n obìnrin tó ti ń wẹ ọmọ ọlọ́mọ láti ìgbà èwe, tí ìlú ò tíì fi oyè kankan dá a lọ́lá, ṣé èmi ni màá wá dí i lójú? Kí ilẹ̀ tó mọ́, mo ti pinnu. Màá sọ fún Jílì pé rárá. Mo fi ohùn ránṣẹ́ sí Bọ̀dá: "Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí Yèyé joyè rẹ̀."

Ọjọ́ Ìsinmi ni ìkórè. Ṣadé gbé fóònù rẹ̀ dání nínú ṣọ́ọ̀ṣì kí n lè máa wò ó. Mo rí iṣu, mo rí ọ̀gẹ̀dẹ̀, mo rí àkùkọ kan tí wọ́n so mọ́ ẹsẹ̀ àga tó ń bá akọrin kọrin. Yèyé jókòó síwájú pẹ̀lú gèlè tuntun. Pásítọ̀, ọmọ ìlú wa ni, dúró níwájú pẹpẹ, ó ń sọ bí Ọlọ́run ṣe gbé ilé Yèyé mi ga dé òkè òkun, tí ọmọ rẹ̀ fi di nọ́ọ̀sì láàárín àwọn òyìnbó.

Ìyá Fẹlí dìde.

"Pásítọ̀, ẹ dákun, mo fẹ́ bá wọn yọ̀ ni." Ohùn rẹ̀ dùn bí oyin, mo sì mọ̀ pé oró wà nídìí rẹ̀. "Ọmọ mi Fẹlí wà níbí láti Adó. Mo rí i pé Ṣadé gbé fóònù dání. Kí nọ́ọ̀sì méjèèjì kí ara wọn létí ìjọ. Fẹlí kàn fẹ́ mọ wọ́ọ̀dù tí akẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́."

Ṣé ẹ ti rí ẹni tó wà lókè òkun tó sá pamọ́ nítorí ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ ní Ìkógòsì? Mo sá sábẹ́ tábìlì ní kíṣìnnì Sìstá Bùnmi. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ohùn Bọ̀dá Dípọ̀ tó ń wúkọ́, tó ń sọ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dára. Ibẹ̀ ni mo sì ti gbọ́ ohùn Yèyé mi.

"Nẹ́tíwọ́ọ̀kì dára."

Mo yọjú. Ó ti dìde. Wọ́n fún un ní ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó fọwọ́ tì í. Kò nílò rẹ̀.

"Ọmọ mi kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Tówẹ̀lì ló ń fọ̀. Wọ́n rí ọwọ́ rẹ̀ níbẹ̀, wọ́n ní kó wá kọ́ uṣẹ́ ara wíwọ́, ó sì fẹ́ kọ̀ ọ́ nítorí tèmi, torí wọ́n ní uṣẹ́ ìtìjú ni." Àkùkọ pàápàá dákẹ́. "Uṣẹ́ tí mò ń ṣe nínú ulé yín gbogbo ni. Ẹni tí ọwọ́ mi ò bá kàn lára rí nínú ìjọ yìí, kó dìde, kó wá sọ fún mi pé uṣẹ́ ìtìjú ni."

Ẹnikẹ́ni ò dìde. Ìyá Fẹlí nìkan ló wà ní ìdúró, torí pé ó ti dìde tẹ́lẹ̀. Yèyé mi yíjú sí i. Gbogbo ìjọ ló mọ bí ìbí Fẹlí ṣe nira tó, gbogbo wọn ló mọ ẹni tó tẹ ìyá rẹ̀ títí ìyá náà fi lè fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn. Ìyá Fẹlí tún ìró rẹ̀ ró. Ó tún gèlè ṣe. Ó wá jókòó díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí àga ń jó ní ìdí.

Ó ku Pásítọ̀.

"Ìwọ ńkọ́, Délé?" ni Yèyé mi wí.

Pásítọ̀ jókòó.

Bí ẹ bá rò pé wọ́n fi Yèyé mi joyè lọ́jọ́ náà, ẹ ò mọ àwọn ará ilé wa. Wọ́n ní ó sọ òkò ọ̀rọ̀ sí ìránṣẹ́ Ọlọ́run nínú ilé Ọlọ́run. Ìyá Fẹlí ló jẹ Ìyá Ìjọ. Nígbà tí mo pe Yèyé láti bá a kẹ́dùn, ó ní kí n fi òun lọ́rùn sílẹ̀.

"Jẹ́ kó jókòó síwájú. Ìgbà tí ùdí bá ń ro ó níbẹ̀, ó mọ ulé mi." Ó pòṣé. "Gèlè yẹn ò tilẹ̀ dúró dáadáa. Ṣé wọn á jẹ́ kí o kí wọn kí o tó bẹ̀rẹ̀?"

"Wọn ò fẹ́, Yèyé."

"Kí wọn nínú ikùn. Ara á gbọ́."

Lọ́jọ́ Ajé, mo sọ fún Jílì pé bẹ́ẹ̀ ni.

Mo ti kọ́ ọ tán báyìí. Wọ́n kọ́ mi ní orúkọ gbogbo iṣan, orúkọ tó gùn ju ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n lọ. Ìyàwó ọmọ Ìyá Ìjọ tuntun bímọ, ọ̀dọ̀ Yèyé mi ni wọ́n ránṣẹ́ sí, ó sì lọ. Nílé, ẹnikẹ́ni ò bi mí nípa ikùn àti ahọ́n mọ́. Ìbàdí ni wọ́n ń gbé sójú fóònù. Bọ̀dá Dípọ̀ sì ti rí orúkọ tuntun fún mi nínú ìwé kan, Gẹ̀ẹ́sì ni, òun nìkan ló lè pè é tán nílùú wa. Ó ti gbé e dé ìjọ.

Jílì ò yí òfin rẹ̀ padà: kò gbọdọ̀ sí gbígbá. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tí Yèyé mi kọ́, kò gbà láti parí iṣẹ́ láìfi èdìdì sí i. Nítorí náà, bẹ́ẹ̀dì ni mò ń gbá. Bí mo bá ti ṣe tán, mo fọwọ́ gbá etí bẹ́ẹ̀dì, pá! Oníbàárà á ṣíjú, á dìde. Wọ́n rò pé àṣà òtẹ́ẹ̀lì ni. Lọ́jọ́ kan tí mò ń kó tówẹ̀lì kọjá lẹ́nu yàrá, ilẹ̀kùn tì, àbẹ́là ń jó, ẹyẹ ń ké nínú ẹ̀rọ, mo gbọ́ ọ láti ọ̀dọ̀ Jílì nínú yàrá: pá!